Ọwọ́ Àwẹ̀ró Tí Kì í Sinmi

Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, torí ìtàn yìí kò ní dúró de ọbẹ̀ tó ń jó. Ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, kó má jí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in níbẹ̀rẹ̀, nítorí tí a bá ti wọ igbó tán, ẹ̀rín kò ní rọrùn mọ́.

Ọdẹ kan wà ní aba Ọ̀pẹmẹ́rin, Ọdẹ́jìnmí lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, ẹ kò tíì gbọ́ fífọ́nnu. Bí Ọdẹ́jìnmí bá pa òkété kan lóko, kó tó gbé e délé, òkété ti di ẹfọ̀n. Ó ní òun àti ẹkùn jìjàkadì lọ́jọ́ kan títí ẹkùn fi ní kí àwọn sinmi díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, tí òun bá sín nínú igbó, ìgalà mẹ́ta á ṣubú, òun á kàn mú èyí tó sanra jù níbẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á sì máa bá wa rín in. Ṣùgbọ́n ẹran kan wà tó pa tí kò fi fọ́nnu rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹran yẹn sápá kan ná, a óò padà dé orí rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí bí ọmọkùnrin kan, Àkàngbé. Àkàngbé fẹ́ Moróunkéjì, Moróunkéjì sì bí ọmọbìnrin kan fún un, Àwẹ̀ró. Ọmọ náà rẹwà débi pé àwọn obìnrin tó ń lọ sódò á yà wá gbé e kí wọ́n tó lọ. Ó rìn nígbà tó pé oṣù mẹ́rìnlá. Ó ń pe omi, ó ń pe bàbá, ó ń pe ewúrẹ́ ní mẹ̀ẹ̀. Tó bá rí bàbá bàbá rẹ̀ tó ń ti inú igbó bọ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó gbé òun, ọdẹ á sì sọ ẹran sílẹ̀ gbé ọmọ.

Nígbà tó pé ọdún kan ààbọ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu rẹ̀ bí omi ṣe ń tán nínú ìkòkò tó sán. Lónìí mẹ̀ẹ̀ kò sí mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, omi kò sí mọ́. Bàbá ló kẹ́yìn, òun náà lọ. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ tó fi ń mú àkàrà kò lè mú àkàrà mọ́. Àwọn ọwọ́ méjèèjì wá pàdé níwájú àyà rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fún ọ̀kan mọ́ èkejì, ó ń yí i, ó ń fún un, bí obìnrin tó ń fún epo kúrò lára ìhá ẹyìn nínú ẹkù, kòtò ìfúnpo. Bó bá sùn, ọwọ́ á dákẹ́. Bó bá ti lajú, kó tó wo ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà mìíràn á sé èémí rẹ̀ mọ́ra, á máa wo èèyàn, ọwọ́ kò sì ní dúró. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ojú yẹn a máa wo èèyàn bíi pé ó ń dúró de ẹ̀dá tó máa dá a lóhùn.

Moróunkéjì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní nígbà tí oyún Àwẹ̀ró pé oṣù mẹ́rin, òun fọ ìró kan lódò Òròmì lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ odò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, a kì í fọ aṣọ níbẹ̀. Èébì ló ba ìró náà jẹ́, kò sì ní òmíràn tó lè ró jáde. Ó ní òun fọ ọ́ wàrà-wàrà, kò sẹ́ni tó rí òun. Ó ní, ẹ wo ọwọ́ ọmọ mi, aṣọ náà ló ń fọ̀.

Àyìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí obìnrin, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ-osú, àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà, ló pe ẹbí jọ nígbà tó di ọdún kẹta. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀já funfun di ọwọ́ ọmọ náà, kí odò lè mọ̀ pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún bá pé tí ọwọ́ náà kò sinmi, kí Moróunkéjì di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ fún ìyá tó ń ṣọ́ odò, kó máa gbé lọ́hùn-ún títí ayé. Wọ́n ti gbé ọmọ mẹ́ta lọ síbẹ̀ rí, àwọn tí ọwọ́ wọn tàbí orí wọn kò dúró jẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, inú Àyìnkẹ́ ló ti jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọdẹ́jìnmí jókòó níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí Ọdẹ́jìnmí bá dákẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹran ọjọ́sí. Ní ọdún tí Moróunkéjì lóyún yẹn kan náà, Ọdẹ́jìnmí bá edun kan pàdé lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, abo edun onírù funfun. Edun náà kò sá. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jọ síwájú àyà, ó ń fi ọ̀kan yí èkejì, ó ń wo ọdẹ lójú. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé a kì í yìnbọn fún ẹran tó bá ń bẹni. Ọdẹ́jìnmí yìn ín. Ó gbé e wálé, kò sọ bó ṣe pa á, ó sì fi itan rẹ̀ ta aboyún ilé rẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí ọwọ́ Àwẹ̀ró pàdé láyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Ọdẹ́jìnmí mọ ibi tí òun ti rí i rí. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé e mì. Moróunkéjì ń ru ẹ̀bi odò kiri, òun ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà tán, tó ń wo gbogbo wọn, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ọwọ́ ń wá ọ̀nà àtirìn, Ọdẹ́jìnmí dìde. Ó ní òun ń lọ bá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọmọ náà, òun á sì gba ọmọ náà sílẹ̀. Àyìnkẹ́ bi í pé ta ni ẹni náà. Ó ní tí òun bá débẹ̀, òun á mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ó ti ní ẹni tó fura sí lọ́kàn: àwọn edun.

Moróunkéjì di gàrí àti ẹ̀pà fún un, ó pọn omi kún kèrègbè rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Baba, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo fọ aṣọ. Kí wọ́n gba ọwọ́ tèmi."

Ọdẹ́jìnmí kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ.

Mi ò ní sọ iye òkè tó gùn àti iye odò tó là kọjá, torí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́, gbogbo ìgbà tó bá kà á ni iye rẹ̀ ń yí padà. Ohun tí kò yí padà rí lẹ́nu rẹ̀ ni Igbó Àṣetúnṣe.

Ọ̀sán gangan ló wọ ibẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì wà títí tó fi kúrò. Oòrùn dúró sáàárín orí bíi pé wọ́n kàn án mọ́bẹ̀. Òjìji rẹ̀ ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jáde. Ewé kan já lórí igi, ó ń fì bọ̀ wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ó padà sókè, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó tún já. Èsúró kan tẹ orí sínú ìṣàn omi, ó gbé e sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè, ètè rẹ̀ gbẹ. Obìnrin kan dúró ti odó, ó ń gún un. Kò sí nǹkan kan nínú odó náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ odó kò dún. Obìnrin náà ń wo Ọdẹ́jìnmí.

Ó fọwọ́ kan fìlà láti kí i. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún padà sí fìlà. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun tí òun di ẹkùn mú, ṣé ọwọ́ ara òun ni òun kò ní lè dì mú? Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ọ̀tún mú. Nígbà tó máa wolẹ̀, àwọn méjèèjì ti wà níwájú àyà rẹ̀, wọ́n ń yí ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn, òun kọ́ ló ń ṣe é.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi tí mo dé yìí. Òùngbẹ gbẹ ẹ́. Kèrègbè wà ní ìbàdí rẹ̀, omi ń dún nínú rẹ̀. Ó sọ fún ọwọ́ rẹ̀ pé kó lọ mú kèrègbè. Ọwọ́ gbọ́, ó gbéra díẹ̀, ó sì padà sí àyà. Ó fẹ́ kígbe. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ odindi, ó mọ̀ ọ́n, ó mọ bó ṣe ń dún, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà jáde. Èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun orúnkún, ó wà létí rẹ̀, kò lè gbá a. Orí rẹ̀ pé. Ọdẹ́jìnmí ni, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ó rántí orúkọ gbogbo ajá tó ti sìn. Ó wà nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n tì láti ìta. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, ohun tó máa rí ni bàbá arúgbó kan tó ń fún ọwọ́, á sì sọ pé kò sẹ́ni nílé.

Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sunkún Àwẹ̀ró. Kì í ṣe àánú rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á.

Kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ohun tó jọ kùkùté kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ṣẹ́jú. Iwin kan ni, kò ga ju odó lọ, kò ní ẹnu rárá, ibi tí ẹnu ì bá wà dán bí awọ èso. Ojú rẹ̀ méjì tóbi bí ọsàn. Ó sún mọ́ ọn, ó dúró, ó ń wò ó. Ọdẹ́jìnmí wo kèrègbè. Ó wo iwin náà. Ó tún wo kèrègbè. Iwin náà kò kánjú. Ó wo ibi tí ojú ọdẹ lọ, ó wo ibi tó padà sí, ó tún dúró kó rí i lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó tú kèrègbè, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ọdẹ́jìnmí mu. Ó wo ọ̀nà tó jáde nínú igbó. Iwin náà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi orí tì í lẹ́yìn, ó ń tì í lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé etí igbó, tí oòrùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí ọwọ́ ọdẹ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tó tú.

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, kùkùté kan ṣoṣo ni òun dọ̀bálẹ̀ fún.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Ìlú Edun. Ìtàkùn ni wọ́n fi hun ẹnubodè ibẹ̀, ó ga, ó fẹ̀, erin lè gbà á wọlé. Edun arúgbó kan jókòó sórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kò wo ọdẹ.

"Kí lo pa?"

Ọdẹ́jìnmí tún fìlà ṣe. Ó ní òun pa erin méje, òun pa ẹfọ̀n tí a kò lè kà, òun pa ẹkùn mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti inú ẹ̀rù kú kí òun tó yìnbọn. Ìtàkùn dún wọ́ọ́, ẹnubodè fún pọ̀, ó kù bí ẹnu ọ̀nà ilé.

"Kí lo pa?"

Ọdẹ́jìnmí dín in kù. Ó ní ó dáa, erin méjì, ẹkùn kan. Ìtàkùn tún dún, ẹnubodè kù bí ojú fèrèsé. Ó wẹ̀yìn, ọ̀nà tó gbà wá kò sí mọ́, koríko ti bò ó bíi pé ẹnikẹ́ni kò rìn níbẹ̀ rí.

"Mo ní kí lo pa?"

Ọdẹ́jìnmí bọ́ fìlà. Ó ní, "Mo pa edun kan tó ń bẹ̀ mí."

Ìtàkùn ṣí.

Kò sí ariwo kankan nínú ìlú náà. Lórí gbogbo igi, lórí gbogbo ẹ̀ka, edun jókòó, wọ́n kó ọwọ́ jọ síwájú àyà, wọ́n ń wò ó. Ó rìn láàárín wọn, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lábẹ́ igi tó tóbi jù, ìyá ìlú náà jókòó, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ó ní kí ọdẹ sọ ohun tó bá wá.

Ọdẹ́jìnmí sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ni wọ́n mú ọwọ́ ọmọ ọmọ òun nítorí ohun tí òun ṣe. Ó ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n gba ti òun. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

Ìyá edun gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè kó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí edun nítòsí mọ̀ ọ́n: kò ní àtàǹpàkò.

"Wo ọwọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ilẹ̀, òun la sì fi ń gun igi. Ṣé a sọ fún ọ pé ọwọ́ wọ́n wa níbí ni? Ọmọ mi lo pa. Mo sunkún rẹ̀, mo sin irù rẹ̀ tó kù nílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ọmọ rẹ ṣe?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ìyá, ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀bi rẹ ni ikú ọmọ mi. Ẹ̀bi rẹ tóbi, àmọ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọdẹ, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láyé, ẹ rò pé ìbọn yín ló fà á." Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló ń jìyà ọ̀rọ̀ ọmọ náà nílé?"

"Ìyàwó ọmọ mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo dákẹ́."

Gbogbo edun tó wà lórí igi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ọdẹ́jìnmí ní nínú gbogbo ohun tí òun rí lọ́nà, òun kò rí ohun tó dẹ́rù ba òun tó àwọn ẹ̀yìn dúdú yẹn. Ìyá edun nìkan ló ṣì dojú kọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà kan, ó ní kó lọ bi Ìyá Aranwú, torí òun ló mọ bí ọmọ ṣe ń wá.

Ilé Ìyá Aranwú kò ní òrùlé. Òwú ló kún ibẹ̀, òwú funfun àti òwú pupa, ó so láti ògiri dé ògiri, ó tín-ín-rín débi pé tí ọdẹ bá mí, gbogbo ilé á gbọ̀n. Ìyá náà jókòó sáàárín wọn, ó ń ran òwú, kò gbójú sókè, kò gbé igi ìrànwú sílẹ̀. Orúkọ èèyàn ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú òwú kọ̀ọ̀kan bí kòkòrò nínú igi. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ orúkọ tirẹ̀. Ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ Àwẹ̀ró.

Ó béèrè ohun tó ṣe ọmọ náà. Ìyá Aranwú ní kó tẹ orí, kó wo òwú náà dáadáa, òun kò lè dá òwú ríran dúró nítorí rẹ̀. Ó wò ó. Òwú bàbá àti òwú ìyá yí ara wọn dáadáa, ó dán, ó lẹ́wà, títí tó fi dé ibì kan. Kókó kan wà níbẹ̀. Kò tó ẹyin iná orí. Bí kò bá jẹ́ pé ojú ọdẹ ni ojú rẹ̀, kò ní rí i.

"Ta ló ta á?"

Ìyá náà ní, "Kò sẹ́ni tó ta á. Òwú ń yí lọ́wọ́ mi, nígbà mìíràn á yọ̀, á dì ní kókó. Èmi náà kì í mọ̀. Kò sí nínú òwú bàbá, kò sí nínú òwú ìyá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ti dì."

"Aṣọ tí ìyá rẹ̀ fọ̀ lódò ńkọ́?"

"Aṣọ wo?" Ìyá Aranwú ń ran òwú lọ. "Kókó yìí ti wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún."

Ọdẹ́jìnmí yọ ọ̀bẹ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yọ kókó náà, pé ọwọ́ òun kì í gbọ̀n. Ìyá náà kò dí i lọ́wọ́. Ó kàn ní kó fi ìka tẹ òwú náà kó tó gé e. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó gbóná. Ó ń mí. Ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà nínú rẹ̀, ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tó ṣì ń pe ewúrẹ́ ní mẹ̀ẹ̀, ó sì gbọ́ ọ́ ṣáájú kókó, ó gbọ́ ọ́ lẹ́yìn kókó. Ìyá náà ní òwú kan ṣoṣo ni. Tó bá gé ibẹ̀, kò ní sí kókó, kò sì ní sí Àwẹ̀ró.

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dá a padà sínú àkọ̀.

Ó béèrè pé kí ni òun máa wá gbé délé báyìí. Ìyá Aranwú ní ṣé wọn kò fún un ní nǹkan kan lọ́nà ni. Ó ní rárá, àfi omi tí wọ́n fún òun mu. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń ran òwú lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún pé, ẹbí ti pé jọ sí àgbàlá lọ́sàn-án. Wọ́n ti di ẹrù Moróunkéjì sẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró jókòó lórí ẹní, ọ̀já funfun ṣì dì í lọ́wọ́, ibi tó ti ń jà ti ha á lọ́rùn ọwọ́. Àkàngbé dúró ti ògiri, kò wo ìyàwó, kò wo ọmọ. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí já sí, aṣọ rẹ̀ fàya, òun àti kèrègbè rẹ̀.

Wọ́n retí pé á fọ́nnu. Kò fọ́nnu. Ó bọ́ fìlà, ó sọ ohun tó pa fún wọn, bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́, itan tó fún aboyún, àti ọdún mẹ́ta tó fi dákẹ́. Ó yíjú sí Moróunkéjì níṣojú gbogbo ẹbí, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó jẹ́ ìyàwó ilé rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ó ní kì í ṣe ìró tó fọ̀. Ó ní kì í tilẹ̀ ṣe ẹran tí òun pa. Kókó kan ló dì nínú òwú, kò sẹ́ni tó ta á. Moróunkéjì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọdẹ́jìnmí yọ ọ̀bẹ, ó gé ọ̀já ọwọ́ ọmọ. Gbogbo àgbàlá ń wò. Ọwọ́ méjèèjì fò padà sí àyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n ń fún ara wọn.

Àyìnkẹ́ mí kanlẹ̀. "Ọwọ́ náà ṣì ń ṣe é, Ọdẹ́jìnmí. Kí lo wá mú bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ojú ni mo lọ kọ́ wá."

Ó jókòó síwájú ọmọ náà nílẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n má kánjú, torí ọ̀nà tí ọmọ náà ń gbà bọ̀ jìn. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́?"

Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ ń yí. Ẹnì kan wúkọ́, wọ́n ní kó dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé Àkàngbé fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni ojú ọmọ gbéra, ó lọ sórí kèrègbè, ó dúró níbẹ̀. Ó padà sí ojú bàbá bàbá rẹ̀. Ó tún lọ sórí kèrègbè.

Ọdẹ́jìnmí gbé omi sí i lẹ́nu, ó mu ún, ó mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọdún mẹ́ta. Moróunkéjì bú sẹ́kún, ó ní òun rò pé ojú náà kàn ń yí kiri ni. Ọdẹ ní kò tíì tán. Ó tún béèrè, wọ́n tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Àwẹ̀ró lọ sórí ẹrù tí wọ́n dì sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Ó padà sórí ẹrù. Ó padà sí ilẹ̀kùn. Ẹrù. Ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ojú rẹ̀ náà kò sì yẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbéra. Àyìnkẹ́ ló dìde, ìbàdí rẹ̀ ń dún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹrù náà mú, ó ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbé e wọ yàrá Moróunkéjì. Ó jáde. Ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó na ọwọ́ sí kèrègbè. Ọdẹ́jìnmí kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó rọ omi kún un, ó gbé e fún un.

Ọmọ tí Àyìnkẹ́ gbé lọ fún odò ti tó ẹni ogójì ọdún báyìí, tó bá ṣì wà. Àwa tí a wà lẹ́nu ọ̀nà rí i bó ṣe gba ọ̀nà odò Òròmì lọ lójú oòrùn, àgbàlagbà obìnrin tí kò yára mọ́, kèrègbè ń fì ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ wò ó bóyá láti ọjọ́ yìí wá, nǹkan kan wà tí ọmọ òun ti ń wò.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Ọwọ́ Àwẹ̀ró kò sinmi títí di òní, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ lè padà sídìí ọbẹ̀ yín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti jí lẹ́yìn rẹ̀, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ná, kó wo ojú rẹ̀.